Bí Aládùúgbò Bá Kẹ̀yìn Síra Wọn, Ọ̀tá A Ríbi Gbà: ECOWAS, Sahel àti Iná Tó Ti Dé Kwara



Ní ọ̀sẹ̀ tí ìròyìn ìpakúpa abúlé Woro gbòde, ní oṣù kejì ọdún 2026, ọ̀rọ̀ kan dé iwájú wa ní mọ́sálásí kan tí kò jìnnà sí Costain, ní Èkó. Àwọn mẹ́rúwà àti àwọn tó ń rán bàtà kiri àdúgbò, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Niger, máa ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́sálásí náà lóru. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ló ń gbálẹ̀, àwọn ló ń pọn omi àlùwàlá. Lọ́jọ́ náà, ìyá kan tó ń ta àlùbọ́sà, tí gbogbo wa ń pè ní Alhájà, dìde lẹ́yìn ìrun, ó ní: "Ẹ̀yin ààfáà, ẹ má bínú. Ta ló mọ ibi tí àwọn wọ̀nyí ti wá? Ẹ ní kí wọ́n wá ibòmíràn sùn." Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rúwà náà gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "Màmá, irú àwọn tó pa wọ́n ní Kwara yẹn náà ló lé wa kúrò nílé."

Àwa kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú àwọn méjèèjì. Ọmọ ìpínlẹ̀ Kwara ni Alhájà, ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe eré. Ọkùnrin yẹn náà, agbègbè Tillabéri ni wọ́n bí i sí, níbi tí àwọn agbésùnmọ̀mí ti ń da abúlé rú láti ọdún púpọ̀. Irú ọ̀tá kan náà ló ń lé àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ara wọn ni wọ́n ń fura sí. Nígbà tí a délé, tí a ro ó, a rí i pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́sálásí yẹn kò yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti ọdún 2023. Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí nìyẹn.

Èkó ni àdéhùn náà ti bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá dúró sí Costain, tó kọjú sí Ìgànmú, kò jìnnà sí Gbọ̀ngàn Ìṣeré Àpapọ̀ tí wọ́n ti sọ ní orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká báyìí. Àwọn àgbà rántí FESTAC tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lọ́dún 1977. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò rántí ni pé ní ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà, ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975, ìlú Èkó yìí kan náà ni orílẹ̀-èdè 15 ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tó bí àjọ ECOWAS. Ọ̀gágun Yakubu Gowon ti Nàìjíríà àti Gnassingbé Eyadéma ti Togo ló ṣáájú iṣẹ́ náà. Mali, Niger àti Upper Volta, èyí tí a ń pè ní Burkina Faso lónìí, wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ ọjà ni wọ́n kọ́kọ́ torí rẹ̀ pàdé. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ pé ọjà kò lè kún níbi tí ìbọn bá ti ń dún. Lọ́dún 1978, wọ́n ṣe àdéhùn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbógun ti ẹnì kejì. Lọ́dún 1979, wọ́n fàyè sílẹ̀ kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Lọ́dún 1981, wọ́n ṣe àdéhùn pé àwọn yóò máa ran ara wọn lọ́wọ́ bí ogun bá dé. Lábẹ́ àdéhùn ọdún 1979 yẹn ni mẹ́rúwà fi ń wọ Costain. Lábẹ́ rẹ̀ náà ni àwọn ìyá wa fi ń ná ọjà Cotonou, Lomé àti Abidjan.

Ní agbègbè Adágún Chad, wọ́n tún gbìyànjú mìíràn. Nàìjíríà dá ikọ̀ ọmọ ogun kan sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1994 láti kojú àwọn olè ẹnubodè. Niger àti Chad dara pọ̀ mọ́ ọn lọ́dún 1998. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Boko Haram wá di ńlá, tí wọ́n sì gba ibùdó ikọ̀ náà ní Baga ní oṣù kìíní ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè náà tún un tò. Olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní N'Djamena. Nàìjíríà, Niger, Chad àti Cameroon pín ilẹ̀ náà sí ẹ̀ka mẹ́rin láàárín ara wọn, Benin sì dara pọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bá adágún náà pààlà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì yé. Bí àwọn ọmọ ogun wa bá lé apànìyàn ní Borno, tó bá ti sá kọjá ẹnubodè, ọmọ ogun Nàìjíríà gbọ́dọ̀ dúró. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Apànìyàn náà yóò lọ sinmi, yóò tọ́jú ọgbẹ́ rẹ̀, yóò sì padà wá. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ogun tòdìkejì bá ti gbọ́ pé ó ń bọ̀, tí wọ́n sì dúró dè é, kò síbi tí yóò gbà. Iṣẹ́ tí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ń ṣe gan-an nìyẹn. Kì í ṣe àpèjẹ, kì í sì í ṣe fọ́tò tí àwọn ààrẹ ń yà.

Ohun tó já okùn náà

Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, àwọn ológun lábẹ́ Ọ̀gágun Abdourahamane Tiani fipá gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum ní Niger. Mali àti Burkina Faso ti wà lábẹ́ ológun ṣáájú. Ààrẹ Bola Tinubu ṣẹ̀ṣẹ̀ di alága ECOWAS ni. Ní ọjọ́ 30 oṣù náà, àjọ náà fún Tiani ní ọjọ́ méje péré kó gbé ìjọba sílẹ̀, wọ́n ní àwọn lè lo agbára bí kò bá gbọ́. Wọ́n ti ẹnubodè. Nàìjíríà sì gé iná mànàmáná tó ń fún Niger.

Àwa kò gbè sẹ́yìn ológun tó fi ìbọn gba ìjọba. Gbogbo wa la mọ ohun tí ojú wa rí lọ́wọ́ wọn ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gé iná yẹn, kì í ṣe ilé ọ̀gágun ló kọ́kọ́ ṣókùnkùn. Ilé aláìní ni. Nígbà tí wọ́n sì ti ẹnubodè, oníṣòwò tó kó ẹrù sínú ọkọ̀ ló jìyà, ní tibí àti ní tọ̀hún. Alhájà wa ní Costain mọ ìyẹn ju àwa lọ, nítorí ọjà àlùbọ́sà ló ń ná.

Ó yẹ kí a rántí ohun kan tí àwọn aṣáájú ẹ̀sìn wa ṣe nígbà náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, àwọn onímọ̀ kan láti Nàìjíríà, tí Sheikh Abdullahi Bala Lau ṣáájú wọn, gbéra lọ sí Niamey láti bá Tiani sọ̀rọ̀ kí ogun má bàa ṣẹlẹ̀. Ó gbà wọ́n lálejò, ó sì fi hàn pé òun ṣe tán láti jíròrò. Ogun kò ṣẹlẹ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun.

Ṣùgbọ́n inú ti bàjẹ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, Mali, Burkina Faso àti Niger dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní AES. Wọ́n ní ẹni tó bá kọlu ọ̀kan nínú àwọn, gbogbo àwọn ló kọlù. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n kéde pé àwọn ti kúrò nínú ECOWAS. ECOWAS dẹ okùn sílẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Nàìjíríà ṣí ẹnubodè ní oṣù kẹta, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, ìyapa náà fìdí múlẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún kan náà, Niger kéde pé òun ti yọ ọmọ ogun òun kúrò nínú ikọ̀ Adágún Chad. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, ni àwọn baba wa wí. Ìgbà tí ọ̀kan bá yẹ̀ nídìí ìkòkò ńkọ́?

A ó sọ ti AES náà. Ààbò ni wọ́n ṣèlérí fún àwọn ènìyàn wọn nígbà tí wọ́n gbàjọba. Wọ́n lé ọmọ ogun Faransé lọ, wọ́n sì ń bá Rọ́ṣíà ṣe. Síbẹ̀, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni ẹgbẹ́ JNIM ti ń dá ọkọ̀ epo lọ́nà kó má bàa wọ Bamako, débi pé ìjọba Mali ti ilé ẹ̀kọ́ pa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìbínú sí aládùúgbò kò bu epo sínú ọkọ̀ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà tí iná náà gbà

Ẹ fọkàn ya àwòrán ilẹ̀ yìí. Igbó ọba kan wà tí wọ́n ń pè ní W, níbi tí Niger, Burkina Faso àti Benin ti pàdé. Àwọn mẹ́ta náà ló jọ ni igbó kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ìrẹ́pọ̀ Benin pẹ̀lú àwọn méjì yòókù ti bàjẹ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n pa ọmọ ogun Benin 28 ní apá ibẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin, wọ́n tún pa 54. Agbẹnusọ ìjọba Benin ráhùn nígbà náà pé bí ó bá jẹ́ pé irú ọmọ ogun tí àwọn kó sí ẹnubodè wà ní òdìkejì náà ni, ọ̀rọ̀ kò ní rí bẹ́ẹ̀.

Bí ènìyàn bá ti ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sí gúúsù, ilẹ̀ Borgu ni yóò dé. Ilẹ̀ Ìbàrìbá ni. Àwọn ará Nikki àti àwọn ará Bussa àti Kaiama ti ń bá ara wọn ṣe kí òyìnbó tó dé. Lọ́dún 1898, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó sí Paris, wọ́n fa ìlà gba àárín ilẹ̀ náà kọjá. Nikki bọ́ sí Benin, Bussa àti Kaiama bọ́ sí Nàìjíríà. Ní ẹ̀gbẹ́ ìlà yẹn, ní tiwa, ni igbó ọba Kainji wà. Ìlà yẹn le fún ọlọ́pàá àti aṣọ́bodè. Kò le fún ẹni tó gun alùpùpù lóru pẹ̀lú ìbọn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, Nuhu Ribadu, olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ààbò, kéde pé ọwọ́ ti tẹ olórí méjì nínú ẹgbẹ́ Ansaru, tí ọ̀kan nínú wọn ti fi agbègbè Kainji ṣe ibùba. Ní oṣù kẹwàá, JNIM sọ pé àwọn ti ṣe ìkọlù àkọ́kọ́ àwọn ní Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Kwara ni. Ní oṣù kọkànlá, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Eruku, ní Kwara kan náà, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n kó àwọn olùjọ́sìn lọ. Ọlọ́hun ló kó wọn yọ padà. Ní oṣù kejì ọdún 2026 ni ti Woro, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kaiama. Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq kọ́kọ́ kéde ènìyàn 75. Àwọn mìíràn ka òkú tó lé ní 160. Gómìnà náà sọ pé Mùsùlùmí ni wọ́n, wọ́n sì pa wọ́n nítorí pé wọ́n kọ̀ láti gba ẹ̀kọ́ àjèjì tí àwọn apànìyàn náà ń wàásù.

Ẹ jẹ́ kí gbólóhùn yẹn wọ̀ wá lára. Wọ́n pa Mùsùlùmí nítorí pé wọ́n dúró lórí ẹ̀sìn wọn bí àwọn òbí wọn ṣe fi kọ́ wọn. Ẹni tó bá ń sọ pé ogun Mùsùlùmí ni, kó lọ bi àwọn opó Woro. Bí ogiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ìjà àwọn ìjọba ló la ogiri yìí, àwọn ará Kaiama ni aláǹgbá kọ́kọ́ bá nílé. Láti Kaiama sí Ìṣẹ́yìn àti Ṣakí kò sì jìnnà.

Nígbà tí onílé kò bá sọ̀rọ̀, àlejò a dá sí i

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2025 nìkan. Ní ọjọ́ 7, àwọn ológun kan gbìyànjú láti gbàjọba ní Benin. Ìjọba Benin pe Nàìjíríà, bàlúù ogun wa sì dé lọ́jọ́ náà. Aládùúgbò tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, bàlúù ọmọ ogun Nàìjíríà mìíràn balẹ̀ ní pàjáwìrì sí Bobo-Dioulasso ní Burkina Faso, AES ní ó wọ òfuurufú àwọn láìgbàṣẹ, wọ́n sì dá ọmọ ogun 11 dúró títí mínísítà wa fi lọ bẹ̀ wọ́n. Aládùúgbò tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ 25, Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí àwọn ibùba kan ní Sokoto pẹ̀lú ìmọ̀ ìjọba wa. Àfọ́kù rẹ̀ já bọ́ dé Ọ̀ffà. Amẹ́ríkà lè ju bọ́ǹbù kó sì lọ sílé. Niger kò níbi tí yóò lọ, àwa náà kò níbi tí a ó lọ.

Àwọn kan yóò sọ pé kò ṣeé ṣe kí àwọn tó ti bínú síra wọn tún jọ ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo Éṣíà. Lọ́dún 2001, China, Rọ́ṣíà àti orílẹ̀-èdè mẹ́rin ní àárín gbùngbùn Éṣíà dá àjọ kan sílẹ̀ ní Shanghai. Wọ́n ní ọ́fíìsì kan ní Tashkent tí wọ́n ti ń pa ìròyìn nípa agbésùnmọ̀mí pọ̀. Íńdíà àti Pakistan wọ àjọ náà lọ́dún 2017, bẹ́ẹ̀ ọ̀tá àtijọ́ ni wọ́n. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, àwọn méjèèjì ju bọ́ǹbù síra wọn. Ní oṣù kẹfà, Íńdíà kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé kan tí àjọ náà kọ. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn olórí pàdé ní Tianjin ní ìparí oṣù kẹjọ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, olórí ìjọba méjèèjì wà níbẹ̀, ìwé tí wọ́n jọ gbé jáde sì bu ẹnu àtẹ́ lu ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ àwọn méjèèjì. Wọn kò tíì di ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n wọn kò ti ilẹ̀kùn.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ló yẹ ká kó wálé o. Lábẹ́ orúkọ ìjà pẹ̀lú agbésùnmọ̀mí náà ni China fi kó ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Uyghur sí àhámọ́ ní Xinjiang, èyí tí ọ́fíìsì ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé sọ lọ́dún 2022 pé ó lè jẹ́ ìwà ọ̀daràn sí ọmọ aráyé. Ní tòsí wa, ní Moura ní Mali, ìwádìí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé sọ pé ó kéré tán, ènìyàn 500 ni ọmọ ogun Mali àti àwọn àjèjì tó bá wọn ṣiṣẹ́ pa ní oṣù kẹta ọdún 2022. Àwa náà kò tíì gbàgbé Tudun Biri ní Kaduna, níbi tí bọ́ǹbù ọmọ ogun ti já lu àwọn tó ń ṣe Màólúdì ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 2023. Wọ́n ní àṣìṣe ni. Ìròyìn tí kò péye ló ń bí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo abúlé tí a bá sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí, ọ̀tá ni yóò lọ tù ú nínú.

Ohun tí ẹ̀sìn wa fi kọ́ wa

Kí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, tó di òjíṣẹ́, ọkùnrin oníṣòwò kan láti Zabīd kó ọjà wá sí Mọ́kà. Ẹni ńlá kan ní ìlú ra ọjà náà, ó kọ̀ kò sanwó. Àlejò náà gun orí òkè, ó figbe ta. Àwọn ìdílé kan nínú Kùráéṣì pé jọ sí ilé Abdullāh ọmọ Jud'ān, wọ́n búra pé àwọn yóò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ, ìbáà jẹ́ ọmọ ìlú, ìbáà jẹ́ àlejò. Ànábì wà níbẹ̀ ní ọ̀dọ́. Lẹ́yìn tó di òjíṣẹ́, ó ṣì ń yìn ín, ó ní bí wọ́n bá tún pe òun sí irú rẹ̀, òun yóò jẹ́. Àdéhùn náà ni wọ́n ń pè ní Hilful-Fuḍūl. Àwọn ìdílé yẹn kò fẹ́ràn ara wọn lórí gbogbo nǹkan. Wọ́n fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí ohun kan ṣoṣo.

Irú èyí ló yẹ kí Nàìjíríà, Benin àti Niger ṣe. Wọn kò gbọdọ̀ dúró dìgbà tí ECOWAS àti AES bá parí ìjà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ọ̀gá àgbà ọmọ ogun Nàìjíríà nígbà náà, Ọ̀gágun Christopher Musa, lọ sí Niamey. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, mínísítà Yusuf Tuggar náà lọ. Ìgbésẹ̀ rere ni. Ó yẹ kó sọ̀kalẹ̀ dé ẹnubodè: kí ọ̀gá ọmọ ogun ní Borgu ní nọ́ńbà ẹnì kejì rẹ̀ ní Nikki àti Kandi, kí àwọn ọba Ìbàrìbá, darandaran, ọdẹ àti ìmáámù ẹnubodè ní ẹni tí wọ́n lè ta lólobó, tí kò ní tú àṣírí wọn, kí wọ́n sì fìyà jẹ ọmọ ogun tó bá pa aláìṣẹ̀. Ìròyìn ààbò, àmánà ni. Ẹni tó bá tú u ti dalẹ̀, ẹni tó bá parọ́ mọ́ ọn ti pànìyàn.

Àwa ará ilé náà ní tiwa. Al-Kùránì pàṣẹ pé ká wádìí ìròyìn kí a tó fi ṣe ìwà. Bí ẹ bá rí àjèjì oníwàásù tó ń pe gbogbo Mùsùlùmí yòókù ní kèfèrí, tó ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ ní ìkọ̀kọ̀, ẹ sọ fún ìmáámù àti àwọn aláṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi aṣọ, irùngbọ̀n, èdè tàbí ẹ̀yà ṣe ẹ̀rí.

Ní ti mọ́sálásí wa, ìgbìmọ̀ jókòó. A pe àgbà àwọn ará Niger tó wà ládùúgbò. Ó kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ń sùn níbẹ̀ àti ìlú wọn, ó ní òun dúró fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí ojú tuntun bá sì dé, òun ni yóò kọ́kọ́ wá sọ fún wa. Alhájà gbọ́, ó ní òun kò ní sọ pé ẹ̀rù ti tán lára òun. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, a rí i tó ń bi mẹ́rúwà yẹn léèrè ìyá rẹ̀ tó wà nílé, bóyá wọ́n ti rí ibi sá sí. Ó ní wọn kò tíì gbúròó rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun forí jin àwọn òkú Woro, kó ṣíjú àánú wo àwọn tó ń sá káàkiri, kó sì fún àwọn olórí wa ní ọkàn láti bá aládùúgbò wọn sọ̀rọ̀. Àmín.